Ìka Tí Iná Fi Hàn

Ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì náà gbé aago ọwọ́ rẹ̀ padà wá. Kò bínú. Ó bọ́ ọ, ó fi í sórí aṣọ dúdú tí mo tẹ́ sórí tábìlì, ó sì rọra tì í sọ́dọ̀ mi bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ó ní. "Aago yìí dára. Ara mi tí kì í gba irin kankan gbà á. Bí mo ṣe ń fọwọ́ tó níbi iṣẹ́, kò dípẹtà, kò sì yún mi. Ó fúyẹ́ débi pé mo máa ń gbàgbé pé mo so nǹkan mọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú rẹ̀."

"Ẹnì kan báwo?"

"Ẹ gbé e síbi oòrùn, kí ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀."

Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Búlúù ni ojú aago náà, irú búlúù tí iná máa ń fún taiténíọ̀mù, irin fúfúyẹ́ tí a fi ń ṣe é, bí a bá yan án. Kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe aró. Ara irin náà fúnra rẹ̀ ló yí padà. Mo dà á sí ẹ̀gbẹ́. Nítòsí nọ́ńbà mẹ́rin ni mo ti rí àwọn ìlà tínrín tí wọ́n ń yí ara wọn ká, bí omi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ju òkúta sí. Ìtẹ̀ka ni. Etí rẹ̀ nìkan ló hàn, ìyókù ti bọ́ sí ìta ojú aago.

"Mo ti nù ún títí," nọ́ọ̀sì ní. "Mo kọ́kọ́ rò pé ara gíláàsì ló wà. Mọ́mì, bí mo bá di ọwọ́ aláìsàn mú, tí mò ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ìka yẹn ni mo máa ń rí. Ó wá dà bí ẹni pé àwa méjì la jọ di ọwọ́ aláìsàn náà mú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n bá a wá aṣọ nọ́ọ̀sì kan."

Ojú tì mí, nítorí mo rò pé mo mọ ẹni tó ni ìka náà.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Òun ló ń gé irin, òun ló ń yan án. Èmi ló ń to inú aago, tí mo sì ń fi ọwọ́ aago sójú rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ lásán kan taiténíọ̀mù tí a ti fọ̀, ojú kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òróró ara wà níbẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ kò ní bá ti ìyókù mu, kò sì sí aṣọ tó lè nù ún kúrò mọ́. Nítorí èyí ni ọkọ mi fi máa ń pariwo, "Má fọwọ́ kàn án," títí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa fi sọ ọ́ ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Èmi ni ó ń pariwo lé lórí jù. "Ìwọ yìí," á ní, "ọwọ́ rẹ kì í jókòó sílé."

Aago nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ tí ọkọ mi ṣe kẹ́yìn. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti sin ín.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì," mo sọ fún nọ́ọ̀sì. "Á ti mọ́."

Kò tíì pé wákàtí kan tó lọ tí mo ti tú aago náà. Mo rẹ sáńpépà tó kúnná jù sínú omi, mo sì ń ha ojú aago náà. Mi ò dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń yára bí ẹni tó fẹ́ bo àṣìṣe ara rẹ̀ kí onílé tó dé. Búlúù náà ṣí kúrò, àwọ̀ eérú yọ lábẹ́ rẹ̀, bí ojú ọ̀run kí òjò tó rọ̀. Mo da omi náà nù. Nígbà tí mo gbé irin náà sókè, mo rí i pé mo ti tẹ̀ ẹ́ jù: ó ti ká bí ewé gbígbẹ. Kò ṣeé tò mọ́.

Mo bá lọ sí dúrọ́ọ̀ ọkọ mi. Bí ẹnì kan bá ní kó ṣe ojú aago kan, mẹ́ta ló máa ń gé. Mo rí bébà tó fi wé àwọn tó kù, ó sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí i lára: *Ó ku méjì. Mo ti fọ̀ wọ́n.* Àwọn lẹ́tà náà fì sápá ọ̀tún, bí àwọn ènìyàn tó ti dúró pẹ́ jù.

Mi ò tíì jókòó sórí àga rẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Épúróònù rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó, àpò rẹ̀ ṣì yanu. Nígbà mìíràn, bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí i tí mò ń ṣiṣẹ́, mo máa ń mọ̀ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ̀ kí ẹni tó wà nínú yàrá tó wúkọ́. Mo máa ń dáwọ́ dúró. Kò sọ nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́rú ni mo jókòó síbẹ̀. Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń hun súwẹ́tà kan tó tóbi ju èmi lọ, tó tóbi ju àwọn náà lọ; mi ò béèrè ẹni tó ni ín. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo tan fìtílà sípíríìtì, mo fi ẹ̀mú kékeré gbé ọ̀kan nínú irin méjèèjì sórí àwo idẹ, mo sì gbé àwo náà sórí iná. Mi ò fọ̀ ọ́. Ó ti kọ ọ́ pé òun ti fọ̀ ọ́.

Irin náà kọ́kọ́ pọ́n bí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà ó dà bí tíì. Ìgbà tó dé àwọ̀ àlùkò ni nǹkan kan yọ láàrin rẹ̀, bí èémí lára gíláàsì. Mo rò pé èéfín ni. Nígbà tí búlúù dé, ó ti pé pérépéré: àtàǹpàkò ọ̀tún, odidi, àti ìlà kan tó dábùú rẹ̀ gba àárín kọjá.

Mo mọ ìlà yẹn. Ọdún tí a ṣègbéyàwó ni ẹ̀rọ gé ọkọ mi níbẹ̀; gèlè mi ni mo fi dì í. Kò sí àpá kankan lára àtàǹpàkò tèmi.

"Ìyàwó, kí ló dé?" Ìyá ní.

"Ẹ wá wò ó, Ìyá."

Wọ́n wá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọn kò sunkún.

"Ọmọ mi rèé," wọ́n ní.

"Ó kọ ọ́ pé òun ti fọ̀ ọ́. Kì í parọ́ iṣẹ́."

"Kò parọ́. Ó fọ̀ ọ́ tán kó tó fọwọ́ kàn án ni." Wọ́n jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ti kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Mo bu tíì fún un lọ́jọ́ kan, ó di kọ́ọ̀bù náà mú níbi tó gbóná jù, ó sì ń bá mi ṣàwàdà. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá wọ ìbọ̀wọ́, òun kì í mọ̀ bóyá òun di nǹkan mú, ló ṣe ń bọ́ ọ. Ó ní, 'Màmá, ẹ má sọ fún ìyàwó mi.'"

"Ẹ sì gbọ́ tirẹ̀."

"Ọkọ rẹ ni. Ọmọ mi ni."

Nígbà náà ló yé mi pé ìka tí mo fi sáńpépà ha lọ́jọ́ Ajé kì í ṣe tèmi. Mo wo ibi tí mo da omi náà sí. Ilẹ̀ ti gbẹ.

"Èkejì ńkọ́?" Ìyá ní.

"Òun ló kù fún nọ́ọ̀sì."

"Fún un ní èyí tí o ti yan."

"Nítorí ìka ló ṣe gbé e padà, Ìyá."

"Gé òmíràn."

"Mi ò mọ̀ ọ́n gé. Irin yẹn máa ń jẹ ẹnu ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Òun nìkan ló mọ bí ó ṣe ń bá a ṣe. Iná nìkan ni mo mọ̀, torí mo máa ń wò ó."

"Tí o bá wá fọ èyí tó kù?"

"Ohun tó wà lára rẹ̀ á lọ."

"Kí ló wà lára rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Àfi tí a bá yan án la lè mọ̀. Tí a bá sì ti yan án, kò ní lọ mọ́."

Ìyá mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ wọn. Wọn kò hun nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò ṣiṣẹ́. Mo fi ẹ̀mú gbé irin kejì sójú fèrèsé láàárọ̀, mo tún gbé e síbẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọ̀ eérú lásán. Taiténíọ̀mù kì í tutù bí irin yòókù. Bí o bá fi kan ara, ó máa ń dà bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, pé kì í gba ooru lọ́wọ́ ẹni kíákíá. Síbẹ̀ mo gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kí n tó rántí, kí n tó dá a padà sínú bébà.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé ìgò sípíríìtì sórí tábìlì.

"O mọ ohun tí ọkọ rẹ ì bá sọ," wọ́n ní.

"Á ní kí n fọ̀ ọ́."

"Kò ní wí i jẹ́jẹ́. Á pariwo ẹ̀ dé òpópónà. Má-Fọwọ́-Kàn-Án tó lọ fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́."

A rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo rẹ òwú sínú sípíríìtì náà. Mo nu iwájú irin náà lẹ́ẹ̀kan, mo nu ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé òwú náà sínú àwo kékeré. Mo gbé irin sórí iná. Ó pọ́n, ó dà bí tíì, ó di àlùkò. Mo ń wo àárín rẹ̀. Búlúù dé, ó sì mọ́ láti etí dé etí.

Mo ti to aago náà padà nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́rin. Ó gbé aago náà síbi oòrùn, ó dà á síhìn-ín, ó dà á sọ́hùn-ún.

"Kò sí ẹnikẹ́ni mọ́," ó ní.

"Kò sí."

"Ta ni, Mọ́mì?"

"Ẹni tó ṣe é ni. Ọkọ mi."

Ó so aago náà mọ́ ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ kejì bò ó. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Aago yín ni," mo ní. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá ní, "Òwú tí o fi nu irin yẹn dà?"

Mo fi àwo náà hàn wọ́n. Òwú náà ti gbẹ. Funfun ni, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ìyá fi ìka méjì mú un, wọ́n fi í sínú àpò àyà súwẹ́tà ńlá náà, wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹnu àpò náà pa.