Ẹni Tó Bá Jáde Kẹ́yìn

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Olúbọ̀dé kò tilẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ kó tó ti súìṣì ńlá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sókè. Gílóòbù méjì tàn nínú àpótí pákó tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí ojú rẹ̀. Ó tutù. Omi inú abọ́ kékeré tó gbé síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú àpótí má baà gbẹ, tutù bí omi àmù.

Fúnra rẹ̀ ló kan àpótí náà, tó fi kúbùsù àlòkù tẹ́ ẹ nínú. Ó lu ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ẹyin tó ń di ọmọ ń mí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń yí wọn padà, bí adìẹ tó ń sàba ṣe máa ń yí tirẹ̀.

Ẹyin adìẹ Ayọ̀kẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ni. Opìpì, adìẹ tí kò ní ìyẹ́ púpọ̀ lára, ni obìnrin náà ń sìn. Nígbà tó kú, àwọn ará ilé rẹ̀ wá láti Ayewa, àwọn ẹbí ọkọ wá láti Iyamoye, wọ́n sì ní láti jẹun. Kò sẹ́ni tó bi Olúbọ̀dé léèrè kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Adìẹ olóògbé ni wọ́n fi se ọbẹ̀ fún àwọn tó wá sunkún rẹ̀, títí kan èyí tó ń sàba lọ́wọ́. Olúbọ̀dé dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó bá àwọn ẹyin nínú agbọ̀n, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi gèlè Ayọ̀kẹ́mi dì wọ́n, ó sì gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kàbà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìdíje ń lọ lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Orúkọ Kúárà ṣì ń hàn lábẹ́ ọ̀dà tuntun ara pátákó ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá kan wá láti Lọ́kọ́ja, ó ní kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan fi hàn bí òun ṣe lè dín ìfiṣòfò kù ju àwọn yòókù lọ. Olúbọ̀dé ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà. Ó kọ́ wọn láti máa lo ojú méjèèjì ìwé, kí wọ́n sì máa da omi ìfọwọ́ sídìí igi kajú tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó bá jáde kẹ́yìn gbọ́dọ̀ pa súìṣì ńlá. Nígbà tí Fisáyọ̀ tó ń tẹ̀wé fi fáànù sílẹ̀ ní títàn, Olúbọ̀dé bá a wí lójú gbogbo ènìyàn.

Láti ìgbà tí àpótí ti dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń jáde kẹ́yìn, kó lè dá súìṣì ńlá sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní láti tètè lọ sí Ayewa fún ìsìn ìrántí Ayọ̀kẹ́mi. Ó ti fún Benjamin ọlọ́dẹ ní kọ́kọ́rọ́: bí NẸ́PÀ bá múná lọ, kó gbé àtùpà sí abẹ́ àpótí. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ ló ti rò, àfi ọwọ́ ènìyàn.

Ìró ẹsẹ̀ Benjamin dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní iná kò lọ rárá, gílóòbù géètì tàn mọ́jú lójoojúmọ́. Orí òpó ìta ni gílóòbù géètì ti ń gba iná, kì í ṣe lára súìṣì ńlá. Olúbọ̀dé mọ̀; òun ló so wáyà rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ìyẹn sì lọ.

Ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àwọn ẹyin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́bọ̀, iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tàn kálẹ̀ nínú wọn bí gbòǹgbò, ohun kékeré kan sì ń mì láàrin rẹ̀. Báyìí, kò sí èyí tó mì.

Fisáyọ̀ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kàbà. "Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìnàjò, Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó gbé báàgì kalẹ̀. "Èmi ni mo jáde kẹ́yìn ní Fúráìdè o. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò rí mi bá wí. Mo ti dé ìdí ọkọ̀ tán, mo tún padà wá wò ó bóyá mo pa súìṣì."

Ìgbà náà ló rí tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Olúbọ̀dé, àti ẹyin. Ẹ̀rín pòórá lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé àpótí yẹn ní wáyà tirẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tó korò wá sí Olúbọ̀dé lẹ́nu. Ó wo ọmọbìnrin náà; bó ṣe sorí kọ́ lọ́jọ́ fáànù náà ló tún sorí kọ́ yìí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kò ní," ló sọ. "Èmi ni n kò sọ fún yín."

Lọ́sàn-án, ó gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí igi kajú, ó sì sin àwọn ẹyin náà síbẹ̀. Fisáyọ̀ gbé omi ìfọwọ́ wá, ó rọra dà á lé erùpẹ̀ náà. Olúbọ̀dé ká gèlè náà, ó sì fi í sápò.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ tán nírọ̀lẹ́, Fisáyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì ńlá, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa á."

Olúbọ̀dé wo kọ̀rọ̀ yàrá. Láti àárọ̀, kò tíì pa gílóòbù inú àpótí. Wọ́n ṣì ń tàn sórí kúbùsù òfìfo.

"Pa á, àbúrò mi," ló sọ. "Kò sí ohun tí òtútù lè mú níbẹ̀ mọ́."

Fisáyọ̀ fà á wálẹ̀. Àpótí ṣókùnkùn. Fáànù òkè ṣì ń yí, ó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dúró dè é títí tó fi dúró, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.