Ilẹ̀kùn Yàrá Kòrónà

"Tì í wò."

Sylvanus ti ilẹ̀kùn náà. Ó wọ ẹnu férémù rẹ̀ ṣinṣin. Mátírónì Lábísí fi ọwọ́ fà á, ó fi èjìká tì í. Kò mì. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀.

"Káfíńtà, o ṣeun. Ilẹ̀kùn nìyí."

Kọ́tìnì ló wà lẹ́nu yàrá náà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin Ìdóàní ti ń gba oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, oníhóró àti abẹ́rẹ́. Nígbà tí Kòrónà dé, àṣẹ wá láti òkè pé kí ilé ìwòsàn náà ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá kó àrùn náà. Yàrá àwọn obìnrin ni Mátírónì yàn. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun wọ ibẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, wọn ò ya ọ̀rá tó wà lára tìmùtìmù. Wọ́n ti páálí oògùn àwọn obìnrin sí igun, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Mátírónì wá ní kí Sylvanus fi ìrókò ṣe ilẹ̀kùn sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé kí àwọn alábẹ̀wò ìjọba tó dé.

Rhoda, ìyàwó Sylvanus, ló gbé oúnjẹ wá fún un lọ́jọ́ náà. Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ kí Mátírónì, ó sì bèèrè oògùn rẹ̀. Ti oṣù tó kọjá ti tán.

"Ìyá Àdúrà, ṣé o ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ni?" ni Mátírónì wí. "Ìfètòsọ́mọbíbí kì í ṣe pàjáwìrì. Kòrónà ló ń pa èèyàn."

Rhoda rán an létí pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Àdúràgbèmí, òun náà ni wọ́n fi gbẹ̀bí àbúrò rẹ̀, àti pé dókítà tó ṣe èyí tó kẹ́yìn ti sọ pé ilé ọmọ òun kò lè gba oyún mìíràn. Mátírónì ní kí ó lọ ṣe sùúrù, àwọn alábẹ̀wò kò ní pẹ́ dé.

Sylvanus gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn náà. Iṣẹ́ náà dùn ún wò.

Àwọn alábẹ̀wò ò dé. Ọ̀nà di títì. Kẹ́míìsì ìlú ta èyí tó ní lọ́wọ́ tán, ọkọ̀ ò sì gbé òmíràn wá láti Àkúrẹ́. Rọ́bà tí àwọn ọkùnrin ń lò pàápàá tán. Sylvanus àti Rhoda gbà pé àwọn á máa sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yàrá kan ni wọ́n ní. Ìjọba sì ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni àwọn obìnrin ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń padà lọ́wọ́ òfo. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rí páálí náà kedere. Ẹ̀rín ni Qudirat ẹlẹ́ja fi ń mú un nígbà mìíràn.

"Mátírónì, bí ẹ ò bá ní fún wa ní oògùn, ẹ kúkú bá wa ti àwọn ọkọ wa mọ́ yàrá yẹn. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mátírónì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fa ìbòmú wọn sókè, kí wọ́n sì jìnnà síra wọn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Muslimat, nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀, tọrọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní òun kàn fẹ́ fa páálí náà jáde ni, òun ò ní fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Mátírónì kọ̀. Ní ìlú kan tí kò jìnnà, wọ́n ti yọ mátírónì kan nípò torí pé wọ́n bá aláboyún lórí bẹ́ẹ̀dì Kòrónà. Ó ku díẹ̀ kí Lábísí fẹ̀yìn tì. Ní àràárọ̀ ló ń ṣí yàrá náà fúnra rẹ̀, tó ń na aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó lè tẹ́jú, tó sì ń tì í padà.

Nígbà tó yá, Rhoda sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti lóyún. Sylvanus dìde. Ó lọ jókòó síta, ó mú fáìlì, ó ń pọ́n ayùn tí kò kú.

Ní ọjọ́ kejì, Rhoda wọ ọkọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan kí ó lè lọ rí dókítà ní Ọ̀wọ̀. Àwọn agbófinró tó dínà bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ó ní oyún ni. Wọ́n wo ikùn rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó padà sílé, kì í ṣe pàjáwìrì.

Gàrí ló ń yan láàárọ̀ ọjọ́ kan tí inú rírun gbé e ṣánlẹ̀. Kingsley ọlọ́kadà ló gbé òun àti ọkọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun. Mátírónì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bèèrè ìbòmú rẹ̀. Ó bèèrè bóyá ó ń wúkọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Muslimat fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó sì dìde kíá.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọlé, ká fa omi sí i lára. Inú yàrá yẹn ni omi wà."

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í ṣe ti aláboyún."

"Mà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lónìí," ni Mátírónì wí. Ó di báàgì rẹ̀ mú mọ́ra. "Ẹ máa gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀."

Sylvanus wo ilẹ̀kùn náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé èjìká ènìyàn ò lè já a, irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílé. Ó gbé ìyàwó rẹ̀, ó gbé e gun ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú.

Wọn ò tíì dé Ìpele, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Kingsley ló kọ́kọ́ mọ̀. Orí tí Rhoda gbé lé e lẹ́yìn ti wúwo jù.

Àwọn alábẹ̀wò ò wá lọ́jọ́ náà.

Ilé ìlagi wà ní títì. Pákó tó kù nílé Sylvanus tó láti fi ṣe ìsàlẹ̀ pósí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó lè fi ṣe ọmọrí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn kí Mátírónì tó dé. Ó yọ ilẹ̀kùn ìrókò náà kúrò lára àgbékọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe fi í síbẹ̀. Muslimat dúró, ó ń wò ó. Nígbà tó fẹ́ gbé e, nọ́ọ̀sì náà bá a gbá ẹ̀gbẹ́ kejì mú títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà wọ inú yàrá, ó wọ́ páálí náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pósí. Díẹ̀ ni Sylvanus gé lára rẹ̀. Kò yọ àgádágodo inú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn alábẹ̀wò dé. Mátírónì pàdé wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó sì ṣamọ̀nà wọn lọ síwájú yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wọn wo inú rẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo aṣọ funfun, ó wo ọ̀rá. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti sùn lórí rẹ̀ rí.

"Kò sí o, sà."

"Ó dára gan-an ni." Ó yà á ní fọ́tò. "Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Mátírónì ní káfíńtà ti gbé e lọ. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n tètè pe káfíńtà náà padà, kí ó wá ṣe òmíràn.

"Ó ń sin ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, sà," ni Muslimat wí. "Ilẹ̀kùn náà ló fi dé pósí rẹ̀."

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn. Ó fa ìbòmú rẹ̀ sókè.

"Ṣé Kòrónà ló pa á?"

"Rárá, sà. Oyún ni."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí akọ̀wé tó bá a wá, ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Ìdóàní, kò tíì sí ẹni tó kú.