Agolo Mẹ́ta àti Ife Kan

Ṣọ́ra o, ìwọ tí o fẹ́ ka ìtàn yìí. Bí ẹnìkan bá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ọ́ pé báwo ni ará ilé rẹ ṣe ń ṣe sí, má tètè dáhùn. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ lóòótọ́, tàbí ó ti mọ ohun tí yóò fi ìdáhùn náà ṣe kó tó pè ọ́. Obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò wò ó. Ó kàn dáhùn ni.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?" ni Bàbá wí. "Àwọn ará èbúté ṣì ń dúró de ọkọ̀ ojú omi yẹn o. Má fi wá sílẹ̀ síbẹ̀."

 Ìka obìnrin náà wà lórí ìlà tó ń kà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gba fèrèsé lọ. Mọ́tò ọmọbìnrin Bàbá ti dúró lẹ́nu géètì. Ọmọ Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọkùnrin kan tó gbé báàgì dúdú lọ́wọ́. Ọjọ́ tó máa ń wá kọ́ nìyí. Ọkùnrin náà ń nu bàtà rẹ̀ mọ́ koríko bí ẹni tí kò kánjú rárá.

"Wọ́n ti dé, Bàbá."

"Àwọn wo?"

"Ọmọ yín. Òun àti dókítà kan, ó jọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Gbé ìwé pamọ́," ni ó wí.

Ọwọ́ obìnrin náà ti mọ ọ̀nà. Ìwé lọ sábẹ́ tìmùtìmù àga, awò ojú lọ sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ráyè kó àwọn agolo tó wà lórí tábìlì kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.

Wọn kò gbà á síṣẹ́ láti máa kàwé. Ohun tí ọmọ Bàbá bá a sọ ni pé kó máa dáná, kó máa fọṣọ, kó máa fún Bàbá ní oògùn lásìkò, kó sì máa pe òun lórí fóònù nírọ̀lẹ́ kó sọ bí ilé ṣe wà. Ó wá kìlọ̀ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwé ti tán nílé yìí. Ó ní látìgbà tí ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, tí kò rí ju òjìji lọ mọ́, bó bá ti fi ọkàn sí ìwé ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. "Ẹni tó bá tún gbé ìwé sún mọ́ wọn," ni ọmọ Bàbá wí, "ẹni yẹn ò ní bá mi ṣiṣẹ́ mọ́."

Obìnrin náà ní òun gbọ́. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn ríro tó lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Kò lọ jìnnà nílé ìwé. Kò sì ní ibòmíràn tí yóò lọ bí wọ́n bá ní kó máa lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tẹ́tí sí ìró mọ́tò kó tó tẹ́tí sí nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni Bàbá. Kóòtù ló ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, ó ń gbọ́ ti èyí, ó ń sọ ọ́ fún ìyẹn. Ìwé àwọn Òyìnbó àtijọ́ ló ń bá ṣọ̀rẹ́: ìwé ìrìn àjò, ìwé ogun, lẹ́tà àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ti jẹrà tipẹ́. Ó ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tó le nínú wọn, kó lè fi èdè wa tú wọn fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá dá a dúró. Ìntẹ́líjẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

"Gbogbo ayé rò pé ọgbọ́n orí ni," Bàbá á ní. "Wọ́n á ka ìwé àtijọ́, wọ́n á ṣì í gbọ́ látòkèdélẹ̀, wọ́n á wá dìde, wọ́n á máa yangàn."

Ọjọ́ kan ló bẹ obìnrin náà pé kó bá òun ka ìlà kan péré. Ó kà á bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, tó ń fa ẹsẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Àtọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Akàwé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Akàwé á máa kà lọ, pẹ̀lú gbogbo gbólóhùn àwọn èèyàn yẹn tó gùn bí okùn kànga. Bó bá ti pàdé ọ̀rọ̀ náà, á fi ìka kan tábìlì. Bàbá á ní kó tún un kà. Á ronú. Á wá mú bọ́tìnì kan nínú àwọn bọ́tìnì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Akàwé nígbà tó ń ránṣọ, á fọwọ́ wá agolo ìtumọ̀ tó bá ìlà náà mu, á jù ú sí i. Ìròyìn ni agolo ńlá, òun ló wúwo jù. Ọgbọ́n orí ni èkejì. Ẹ̀kẹta, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, Akàwé ò fẹ́ràn ìró rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ife tíì tanganran kan tí kò ní ọwọ́ mọ́. Bọ́tìnì inú ife náà kò pọ̀. Bí Akàwé bá bi Bàbá pé kí ni ti ife náà, Bàbá á ní, "Ìyẹn ṣọ̀wọ́n," á sì ní kó máa kà lọ.

Lọ́sàn-án kan, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tó rì pẹ̀lú gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Omi bọ́ lójú Bàbá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù dún.

"Báwo ni Bàbá?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà. Wọ́n kàn sunkún díẹ̀ lọ́sàn-án."

"Wọ́n sunkún kẹ̀? Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ọkọ̀ ojú omi kan ló rì, mà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe wọ́n láàánú."

 Ọmọ Bàbá ní, "Ọkọ̀ wo? Níbo ló ti rì?"

Ọ̀rọ̀ ìwé ti dé ẹnu Akàwé, ó gbé e mì. "N ò mọ̀, mà," ni ó wí.

Ọmọ Bàbá bi í pé kí wá ni Bàbá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Akàwé ní wọ́n ń fi bọ́tìnì ṣeré sínú agolo. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò parọ́ ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ tí òun àti dókítà dé yìí, bí wọ́n ṣe wọlé, ọmọ Bàbá kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Nígbà tó dìde, àwọn agolo ló kọ́kọ́ wò, ó sì wo dókítà. Akàwé fẹ́ yọ́ lọ sí ilé ìdáná.

"Ẹ dúró, Àǹtí," ni ọmọ Bàbá wí. "Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Akàwé dúró ti ògiri. Dókítà fa àga sún mọ́ Bàbá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ti rẹ òun náà, ojú rẹ̀ fi hàn. Ó béèrè orúkọ Bàbá, ó béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́.

"Kí ni wọ́n fi kàn mí?" ni Bàbá wí. "Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń ka ẹ̀sùn séèyàn létí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Bàbá wá dáhùn ohun tí wọ́n bi í, kò sì ṣì í.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni dókítà wí. "Wọ́n ní ẹ sunkún nítorí ọkọ̀ ojú omi kan."

Bàbá yí orí síbi tí Akàwé dúró sí. Kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà. "Mo sunkún," ni ó wí.

"Ọkọ̀ wo ni?"

"Ọkọ̀ kan ni."

"Ta ló sọ fún yín pé ó rì?"

Bàbá ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Mo kàn gbọ́ ni."

"Lẹ́nu ta?"

"Dókítà, arúgbó ni mí. Nǹkan máa ń wọ arúgbó létí."

Ọmọ Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ ti rí i fúnra yín, dókítà," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹ fọwọ́ sí i ló kù. Mọ́tò wà níta, a lè mú wọn lọ báyìí."

Akàwé ń wo ẹnu Bàbá. Ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà jáde níbẹ̀. Ìwé. Ọ̀rọ̀ kan péré, Bàbá á sì wà nílé rẹ̀. Ẹnu náà pa dé. Ó ti pa dé, kò sì ní ṣí. Ìgbà náà ni ó tó yé Akàwé pé kì í ṣe pé Bàbá ò rí ohun tó máa sọ, nítorí kí iṣẹ́ òun má bàa bọ́ ló ṣe ń bo ọ̀rọ̀ ìwé náà.

Ó rò ó pé kí òun náà dákẹ́. Dídákẹ́ ti gbà á rí, níbi púpọ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n lè ní kó máa bójú tó ilé, kó máa gbálẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé e, ẹrù rẹ̀ kò sì ju báàgì kan lọ.

 Ó lọ sídìí àga, ó ki ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, ó fa ìwé yọ. Ó wọ awò ojú. Awò náà wọ́, kò tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, lédè Òyìnbó tí ẹnu rẹ̀ kò mọ́, pé ó pẹ́ títí tí àwọn ará èbúté kò gbúròó ọkọ̀ náà, pé àwọn ìyàwó ń jáde lọ wo òkun láràárọ̀, títí apẹja kan fi gúnlẹ̀, tó sì mú èyí tó kọ́kọ́ dé wá nínú...

Ó dé orí ọ̀rọ̀ náà, ó fi ìka kan tábìlì.

Ọwọ́ Bàbá ti gbéra kó tó mọ̀. Ó fẹ́ dá a padà, kò ṣeé ṣe. Ọwọ́ náà wá bọ́tìnì, ó wá agolo ńlá.

"Ìròyìn," ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bọ́tìnì dún nínú agolo.

"Kí lẹ ń ṣe?" ni ọmọ Bàbá wí.

"Èmi ni mo ń kà á fún wọn, mà," ni Akàwé wí. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ojoojúmọ́ ni. Inú ìwé ni ọkọ̀ yẹn wà. Àwọn tó kú náà, wọ́n ti kú tipẹ́tipẹ́. N ò lè sọ lórí fóònù torí ẹ ní ẹni tó bá... ẹ ní ẹni yẹn ò..."



"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" ni Bàbá wí. "Mo ń ṣe wèrè mi lọ jẹ́jẹ́, o wá bà á jẹ́."

Dókítà gba ìwé lọ́wọ́ Akàwé, ó wò ó, ó dá a padà. Ó fa àwọn agolo sún mọ́ra. Ó ní kí Bàbá sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òun. Bàbá jókòó dáadáa. Ohùn tí Akàwé kò gbọ́ rí ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn tó ti kún kóòtù rí. Ó sọ ti ìròyìn. Ó sọ ti ọgbọ́n orí.

"Èyí tó tẹ̀ lẹ́nu yìí ńkọ́?"

"Ti amí nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ẹni tó lọ wo inú ilé, tó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó wà níta."

Kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì. Akàwé rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí fóònù ti dún.

"Ife ńkọ́?"

Bàbá fọwọ́ kan etí ife náà. "Bí èèyàn méjì bá mọ inú ara wọn dé ibi tí wọn ò nílò kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn Òyìnbó àtijọ́ máa ń pe ìyẹn náà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i lò."

Dókítà dìde, ó pa báàgì rẹ̀ dé. Ó ní orí bàbá yìí pé, òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó ní ojú ni kí wọ́n mú lọ fún oníṣègùn ojú, kí wọ́n fi orí sílẹ̀. Ó jáde lọ dúró nídìí mọ́tò.

Ọmọ Bàbá tẹ̀ lé Akàwé wọ ilé ìdáná. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí àpótí. Fún ìgbà díẹ̀, kò jọ ọ̀gá ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé n ò rí oorun sùn látìgbà tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn?" ni ó wí.

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ máa kà á fún wọn. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ máa pè mí bíi tẹ́lẹ̀. Ẹ máa sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún mi, ti ìwé àti tẹnu wọn." Ó wo ọ̀nà pálọ̀. "Ṣé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ mi?"

Bàbá ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan ni, ó sì pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Akàwé gbé ìkòkò kaná. 

"Oògùn wọn, màá máa sọ fún yín, mà. Oúnjẹ wọn náà. Bí ara wọn bá gbóná, màá pè yín."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Wọ́n wà ní pálọ̀, mà. Àga kan ṣófo níbẹ̀."

Ilẹ̀kùn àárín kò tì. Nǹkan kékeré kan bọ́ ní pálọ̀, ó sì dún. Kò dún bí agolo. Ìró tanganran ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò sì sẹ́ni tó fi ìka kan tábìlì.

Ọmọ Bàbá gbórí sókè. "Kí ló dún yẹn?"

Akàwé mọ ohun tó dún. Ó mọ ibi tó bọ́ sí. Ó bu omi sínú ìkòkò, ó dé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ mi tán lónìí."