Ilé Mọ́kànlá ní Choggu

Ṣòkòtò ọmọdé ni Àrìnkẹ́ kọ́kọ́ sá sórí okùn, ní àgbàlá ilé tí ọmọdé kankan kò sùn rí. Ó sá bùbá obìnrin tẹ̀ lé e, ó sá ìborí, ó sì kọjá sí ilé kejì. Ilé mọ́kànlá ni, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ṣófo, ní òpópó kan ní Choggu, àdúgbò kan ní Tamale, ní Gánà. Àwọn tó ni wọ́n wà ní Jẹ́dà àti Lọ́ńdọ̀n. Ọdún mẹ́rin ni Àrìnkẹ́ ti ń ṣọ́ wọn. Ó ń ṣí fèrèsé láràárọ̀, ó ń gbá eruku, ó ń da omi sí ilé ìgbẹ́ kí òórùn má baà gòkè wá. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe jẹ́ kí òun àti Latifa, ọmọ rẹ̀, máa gbé yàrá ẹnu géètì ilé kẹfà.

Ànwár, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Àkrá, tó ń bá àwọn onílé wá ayálégbé, ló kó aṣọ náà wá nínú báàgì ńlá méjì.

"Màmá Latifa, ẹ to bàtà sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ń wá ìlú tí wọ́n máa fìdí kalẹ̀ sí. Kumasi ń du ú, Wagadúgù ń du ú. Ìlú tí ilé rẹ̀ dára, tí èèyàn sì ń gbé inú ẹ̀, ni wọ́n máa mú. Tamale ti di ìlú ọjọ́ iwájú!"

"Ọjọ́ iwájú ló máa wọ ṣòkòtò yìí?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí wọ́n bá gba ilé, ẹ ó máa gbé yàrá yín lọ. Tí wọn ò bá gbà á, àwọn onílé ní àwọn máa tà."

Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà. Ó ku ọdún kan kí Latifa parí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wákàtí kan péré ni Ànwár ní kí tirẹ̀ fi rìn.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ kan dúró. Obìnrin kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀, Safia, ọmọ Tamale gan-an, tí ilé-iṣẹ́ náà rán. Ó wo aṣọ, ó wo bàtà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àìlà, ó fi Dagbani, èdè Tamale, pe Àrìnkẹ́ ní ìyá, ó ní:

"Mma, ẹ bá mi mú bútà kan nínú ilé yìí, kí n ṣe àlùwàlá."

Àrìnkẹ́ wo Ànwár. Ànwár wo ilẹ̀. Òpópó àwọn mùsùlùmí, ilé mọ́kànlá, kò sí bútà kan lẹ́nu ọ̀nà. Àrìnkẹ́ lọ mú tirẹ̀ wá.

Safia rọra fọ ọwọ́, ó fọ ojú. "Ìdílé mélòó ló ń gbé òpópó yìí?"

"Mọ́kànlá!" Ànwár yára dáhùn.

"Mma ni mò ń bi."

Àrìnkẹ́ rántí Latifa. Ó ti la ẹnu láti sọ mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n omi àlùwàlá ṣì ń kán lójú obìnrin náà.

"Èmi àti ọmọ mi. Ẹni méjì."

Safia rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ní Kumasi, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n yá wá ṣeré níta. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ìgbà wo làwọn máa lọ sílé."

Ó kírun, ó dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ.

"Ẹ ti bà á jẹ́!" Ànwár na ọwọ́. "Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá."

Àrìnkẹ́ kó o fún un, gbogbo rẹ̀ lórí wáyà kan, ó lé ní ọgọ́ta. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó bó ṣe fẹ́ ti ilé kìíní. Ànwár dán ọ̀kan wò. Ó dán ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹwàá, òógùn ti bò ó, eruku ọyẹ́ sì ń wọ gbogbo fèrèsé tó ṣí sílẹ̀.

"Màmá Latifa." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ń ti èyí?"

Àrìnkẹ́ dìde. Ó wo òpópó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi rò pé àwọn ilé yìí ló ń ṣe òun lóore.