Àkàbà Ọlọ́jọ́ Mẹ́sàn-án

"Ta ló máa ń yẹ irinṣẹ́ yín wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?" Lọ́yà obìnrin náà béèrè, ó sì gbójú kúrò lára ìwé tó ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí sí abẹ́ itan rẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun tó kán. Ọwọ́ tó kù ló fi tọ́ka sí àbúrò rẹ̀ tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

"Àbúrò mi yìí ni. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti jọ ń kunlé. Tó bá ti ní irinṣẹ́ kan dáa, èmi ò tún ń wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ ni mo fi ń ríran lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́yà yíjú sí àbúrò. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kó tó di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ṣubú láti orí àkàbà, ṣé ẹ kíyè sí nǹkan kan lára rẹ̀?"

"Rárá," ni àbúrò wí. "Mi ò rí nǹkan kan."

Irọ́ ni. Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, lọ́yà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gègé tó fi ń kọ òótọ́.

Orúkọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó wọlé ọkọ ni gbogbo àdúgbò fi ń pe àbúrò, ìyẹn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà yẹn, ó tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ lásán lè gbé e. Ní báyìí ó ti lé lógójì ọdún, ikùn ti gba iwájú ẹ̀wù, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó lọ sọ fún orúkọ náà pé nǹkan ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn. Òun ló fi búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà tí kò fi ní ṣù pọ̀, òun ló sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí ọwọ́ àbúrò òun ṣe mọ́ tó, kò sírú rẹ̀. Ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ fún un ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, tí òun sì ń purọ́ níṣojú rẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ ra àkàbà náà. Alápá méjì ni, irú èyí tí èèyàn ń fa apá òkè rẹ̀ jáde tó bá fẹ́ kó gùn sí i, tí ìkọ́ irin méjì á sì há apá òkè náà mọ́bẹ̀ kó má baà yọ̀ wálẹ̀. Ó fúyẹ́, ó ń dán, ó sì fi í yangàn fún gbogbo ẹni tó bá a pàdé lọ́nà. Ní ọjọ́ kẹta tó rà á, òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fa àkàbà gùn, ó gbé e ti ògiri, ó yíjú láti mú korobá, ìkọ́ apá òsì sì yọ̀, apá òkè já wálẹ̀ gbì. Kò sí èèyàn lórí rẹ̀. Kódà eṣinṣin ò bà lé e.

Ó yẹ kó dá a padà fún ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ àwọn akunlé kì í dá nǹkan padà níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà. Wáyà ni wọ́n fi ń so ọwọ́ korobá tó já, òun ni wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò fẹ́ pa dé, kò sì sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó lè gba àṣà yẹn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wé wáyà mọ́ ìkọ́ náà, ó lọ́ ọ le, ó gun àkàbà, ó sì parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ojú á tì í, lẹ́yìn gbogbo ariwo tó ti pa lórí ọjà tó rà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n lọ kun gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Àkàbà ní láti kúrú kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá tú wáyà náà, ó fi í sápò. Wọ́n wọlé tán, olùkọ́ kan ní kó wá wo àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ ní yàrá kejì. Nígbà tó fi máa padà dé, ẹ̀gbọ́n ti fa àkàbà gùn, ó ti gbé e ti ògiri, ó sì ti wà lókè, ó ń kun igun àjà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rántí. Ó la ẹnu láti pè é, kó tó pè é, àkàbà já.

Iṣẹ́ lọ́yà obìnrin yìí kò ju kó máa gbèjà àwọn tí ọjà tí wọn ò ṣe dáadáa bá ṣe léṣe. Aládùúgbò kan tí ẹ̀rọ ìlọta gé nínú ìka ló júwe rẹ̀ fún wọn. Ó ti sọ fún wọn pé òun ò ní gba kọ́bọ̀ àyàfi tí àwọn bá borí, pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe àkàbà bá gbé wá, kódà kó jẹ́ ìwé ìkíni. Ó gba rìsíìtì, ó gba páálí tí àkàbà wà nínú rẹ̀, ó sì gbé àkàbà náà lọ tì mọ́ yàrá kan. Ó ní àkàbà yẹn ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí àwọn ní. Kí wọ́n tó dìde lọ́jọ́ náà, ó fi ohun kan kún un.

"Ohun tó bá lè tì wá lójú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Tó bá jẹ́ ẹnu lọ́yà tiwọn ni mo ti gbọ́ ọ, kò sóhun tí mo lè fi í ṣe mọ́."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi orí pé òun gbọ́, bíi ti ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti kúrò ní ọsibítù, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í jí láì kọjá sílé rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń gbé e láti orí ibùsùn bọ́ sí orí àga, ó tún ń fọ póò ìtọ̀ kí ìyàwó ilé tó jí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n a máa pè é ní ọkọ òun kékeré, á ní òun ò mọ ohun tí àwọn ì bá ṣe láìsí i. Ọpẹ́ yẹn ń gún un lára. Ì bá wù ú kí obìnrin náà bú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá oorun á wá.

Lọ́jọ́ kan tí oṣù kejì ìṣubú náà fẹ́ẹ̀ parí, lọ́yà wá sílé pẹ̀lú lẹ́tà. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ṣàlàyé fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹnjiníà tó yẹ àkàbà wò rí i pé sípíríǹgì inú ìkọ́ apá òsì ti rọ, ó sì ti wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ò jiyàn pé ó wọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nígbà tí àkàbà lulẹ̀ ló wọ́, pé ó pé pérépéré kó tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní baba tó gùn ún ni kò gbé e dúró bó ṣe yẹ, pé ó gbé e nàró ṣánṣán jù, àti pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ sókè.

"Àìtètè mólè, olè ń mú olóko," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wí, ó sì pòṣé.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ilẹ̀.

Lọ́yà ní àfi kí àwọn rí ohun tó máa fi hàn pé ìkọ́ náà ti bàjẹ́ kó tó di ọjọ́ ìjàǹbá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Kò bi ẹnì kankan ní ìbéèrè. Ó kó ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n ronú sí i, ó sì lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n sin lọ́yà jáde. Ẹ̀gbọ́n mú rúlà kan tó wà lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì gbé e ti ògiri bí àkàbà, ó wò ó, ó sún ìdí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó tún wò ó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń ṣe é.

"Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Láti ọsibítù ni mo ti ń bi ara mi. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń gun àkàbà. Tí mi ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e ti ògiri mọ́, kí ni mo tún mọ̀? Bá mi sọ fún lọ́yà pé ká fi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá máa wọ́ mi kiri ilé ẹjọ́ pé arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ni mí."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun á sọ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ọ́fíìsì lọ́yà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó sọ ti ọjọ́ kẹta, ó sọ ti wáyà, ó sọ ti gbọ̀ngàn ilé-ìwé àti àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tó parí, inú lọ́yà ò dùn rárá, kò sì díbọ́n pé ó dùn.

"Ẹ purọ́ fún mi," ló sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọjọ́ tó kọ́kọ́ já yẹn, ta ló wà lórí rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó ní ohun tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn, nítorí àkàbà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó já láìsí èèyàn lórí rẹ̀, kì í ṣe àgbàlagbà kankan ló gbé e dúró wọ́. Kò fi bò pé ọ̀rọ̀ náà á ná wọn ní nǹkan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa búra, á sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, lọ́yà tiwọn á sì bi í léèrè títí òógùn á fi bò ó. Wọ́n á ní òun ló mọ̀ tí kò sọ, adájọ́ sì lè dín ohun tí wọ́n máa san kù nítorí ẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń retí, bí ọmọdé, pé obìnrin náà máa sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó béèrè pé tó bá jẹ́ pé àwọn tó ṣe àkàbà ló jẹ̀bi, ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé òun ò jẹ̀bi.

"Ẹ̀bi yín ò pa tiwọn rẹ́," ni lọ́yà wí, "tiwọn náà ò sì pa tiyín rẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ni oníbàárà mi, sà, kì í ṣe ẹ̀yin. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún wọn. Lọ́la ni màá pè wọ́n. Ó sàn kí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹsẹ̀ rìn padà sílé ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tó yẹ kó wọkọ̀. Nígbà tó dé, ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ rédíò ní pálọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa rédíò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fi àpò ṣòkòtò sílẹ̀. Ó ní òun rántí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti wà lókè, ohùn òun ni kò tètè jáde.

Ẹ̀gbọ́n tún mú rúlà náà lórí tábìlì.

"Ṣé mo gbé e dúró dáadáa?"

"Ẹ gbé e dúró dáadáa."

"Má torí kí n lè dárí jì ọ́ tún purọ́."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe máa ń gbé e náà lẹ gbé e."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ òsì bojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò tíì rí i kó sunkún rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin òbí wọn. Kò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí.

"Kì í ṣe ti wáyà," ni ẹ̀gbọ́n wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Wáyà, èmi náà ì bá wé e. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ò ń wẹ̀ fún mi láràárọ̀, ò ń rí mi bí mo ṣe ń fi rúlà wọn ara mi wò, o wá dákẹ́. Oṣù méjì lo jẹ́ kí n máa rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"A ó jọ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà lọ́la. Ìwọ lo máa sọ ọ́, èmi á jókòó, màá gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, má wá wẹ̀ fún mi mọ́ títí màá fi ránṣẹ́ pè ọ́. Mi ò sì tíì mọ ìgbà tí màá ránṣẹ́." Ó nu ojú. "Ìyàwó mi wà lẹ́yìnkùlé. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún un."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń sá aṣọ. Bó ṣe rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló na igun kan aṣọ ìbùsùn tó tutù sí i, láìbéèrè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbà á. Wọ́n jọ fún un, omi ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n jọ tẹ́ ẹ sórí okùn. Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí ìṣubú, kí ọmọ tirẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, "ẹ má tíì ṣàdúrà fún mi. Ẹ wá jókòó ná."