Gásíkẹ́ẹ̀tì Tó Ti Warri Dé

"Ẹ wojú mi dáadáa! Èmi Desmond yìí, ní Warri, ahọ́n ni mo fi dí páìpù sítíìmù fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Nígbà tí mo máa yọ ahọ́n mi, páìpù ni wọ́n gbé lọ sọ́síbítù!"

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn bú sẹ́rìn-ín. Philemon ò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń tọ́jú bọ́ílà ní ilé iṣẹ́ epo Màmá Lucy lẹ́yìn Igbotako, àgbá ńlá tó ń sọ omi di sítíìmù, ooru gbígbóná tí wọ́n fi ń se ẹyìn. Láti oṣù kejì ni ẹ̀rín ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́nu Philemon, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Oṣù kejì náà ni gásíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ mọ́ Dominic, àbúrò rẹ̀, lára. Ohun pẹlẹbẹ róbótó ni gásíkẹ́ẹ̀tì, àárín ibi tí páìpù méjì ti fẹnu kanra ni wọ́n ń fi í sí, kí wọ́n tó fi bóòtù fún un pa, kó má baà jò. Inú tíúbù táyà tírélà ni Dominic ti gé tirẹ̀. Irú tíúbù yẹn kan náà ló fi dí páìpù omi tútù wọn, ọdún mẹ́jọ, ẹ̀kán kan ò jò. Gbogbo wọn rò pé ohun tó bá lè di omi mú, á di sítíìmù mú. Philemon náà rò bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló na tíúbù náà sí i.

Nígbà tó bẹ́, ariwo rẹ̀ jí àwọn òkú Àjàgbà, gbogbo ewúrẹ́ Igbodigo sì bímọ láìtọ́jọ́. Dominic nìkan ni ò pariwo. Sùtánà funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi sin ín. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú débi pé Vivian, ìyàwó rẹ̀, ló fi sísọ́ọ̀sì la apá aṣọ náà kó tó wọ̀ ọ́ fún un.

Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Olúyọmí wá wò ó lẹ́yìn náà. Ó ní omi tútù ni rọ́bà wà fún. Sítíìmù gbóná ju ohun tí rọ́bà lè fara dà lọ, gíráfáìtì ni kí wọ́n lò, ohun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsù, tí irin fẹ́lẹ́ wà láàárín rẹ̀. Màmá Lucy sì ṣòfin tirẹ̀: ẹni tó bá mú gásíkẹ́ẹ̀tì wá ló máa dúró tì í nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí sítíìmù. Ó fi ọ̀dà funfun ya ojú ibi tí ẹni náà máa dúró. Ojú ibẹ̀ náà ni Dominic ṣubú sí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gba Desmond sípò Dominic. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n rán an lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì gíráfáìtì ní Warri, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ òfin yẹn fún un.

"Aago mẹ́jọ lo jáde lọ sí Warri," Philemon sọ. "Aago mẹ́wàá ò tíì lù. Ṣé o fò ni?"

"Mo fò, Bùọ̀dá! Àwọn ẹyẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú ọ̀run!"

Philemon gba gásíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó dúdú lóòótọ́. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná rì sínú rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúdú bíi pé ó fi ra ìdí ìkòkò.

"Irin inú ẹ̀ dà?"

"Ojú ń tì í, ó sá pamọ́ sínú."

Àwọn obìnrin tún rẹ́rìn-ín. Vivian, tó ń ṣa ẹyìn láàárín wọn, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ó dáa," ni Philemon wí. "Dè é."

Desmond fi sípánà dè é, ó ń kọrin. Nígbà tó parí, Philemon gbọ́wọ́ lé fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí sítíìmù, ó sì nawọ́ sí ojú ọ̀dà funfun.

"Ó yá, wá dúró síbẹ̀."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹni tó bá mú un wá ló ń dúró níbẹ̀. Òfin Màmá ni."

Orin kú. "Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ jẹ púpurú, ebi ń—"

"Desmond." Vivian ló sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. Ó ti dìde. "Ahọ́n tó dí páìpù ní Warri ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Desmond gbé ẹsẹ̀ kan lé ojú ọ̀dà, ó wo bóòtù mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún tán, ó wo Vivian.

Philemon mọ̀ pé òun ò ní ṣí fáàfù náà láé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ohun tí Desmond mú wá dájú, nítorí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Dominic lọ́jọ́ yẹn. Ó fi sípánà lu páìpù lẹ́ẹ̀kan péré. Gbà-à!

Desmond ta gìrì sẹ́yìn, nǹkan sì já bọ́ lápò rẹ̀: àjákù tíúbù, pááṣì pupa fọkanáísà ṣì wà lára rẹ̀, àti ọ̀rá tó kún fún ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n ha nídìí ìkòkò.

Vivian mú tíúbù náà nílẹ̀. Ó gbé e sáyà.

"Irú ẹ̀ náà nìyí," ló wí.

Desmond ya ẹnu láti parọ́ míì. Ẹsẹ̀ ló yá ju ahọ́n lọ. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀, ó fo igbá ẹyìn, ó já sáàárín igi ọ̀pẹ, ó ré ọ̀kadà méjì kọjá lọ́nà Okitipupa, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lórí ọ̀dà funfun.