Igba Náírà Tí Kò Ṣe É Ná

Ọwọ́ Limota fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ìdí nìyẹn tí kò fi rí ẹni bú.

Igba náírà kan ló ya sí méjì, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ pọ̀. Oṣù kan gbáko ni màmá yìí fi gbé e káàkiri Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó gbà á. Nígbà tí ojú fóònù rẹ̀ ń fọ́ lọ, ó ní kí Tíṣà Clement, aládùúgbò rẹ̀, kọ nọ́ńbà Àsíátù ọmọ òun sára owó náà.

"Mámà, ṣé ẹ ò ní ná an?"

"Ta ni yóò gbà á? Owó yìí ti di ẹbí mi."

Àfi láàárọ̀ Jímọ̀, tí ọjà kún, tí Florence aláta ń dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Limota ká owó náà sáàárín igba mìíràn, ó fi ra tàtàṣé, ó ń rẹ́rìn-ín délé. Ó lóṣòó ní ṣáláńgá, fóònù já láti ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀ sínú ihò. Gbì!

Bẹ́ẹ̀ Àsíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Lọ́kọ́jà ni. Kí oòrùn tó wọ̀ ni Limota gbọ́dọ̀ pè é pé kí mọ́tò wá gbé òun, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn mọ́ àfi lára owó náà. Bí kò bá pè, ìyá ọkọ ni yóò wẹ ọmọ. Obìnrin tó ń wẹ ọmọ bí ẹni ń fọ ìkòkò!

Ó sáré padà sọ́jà. "Florence, owó yíya tí mo fún ọ dà?"

"Owó yíya kẹ̀? Èmi kì í gba owó yíya, Ìyá."

"O gbà á. Mo ká a sáàárín ni."

"Háà! Ẹ wá ń jẹ́wọ́!" Florence wolẹ̀. "Mo ti fi ṣe ṣéńjì fún Badmus ọlọ́kadà."

Badmus búra pé òun kò ná an fún ẹnikẹ́ni. "Mámà, Mùsùlùmí ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé ni."

"Mùsùlùmí lèmi náà, mo sì ná an. Ta lo fún?"

Ó họ orí. "Eunice onímọ́ínmọ́ín, l'Ọ̀kà. Mo ká a wẹ́wẹ́."

Àfi kí Limota gun ọ̀kadà Badmus. Eruku bò ó dé eyín kí wọ́n tó gun òkè Ọ̀kà tán.

"Ẹ rò pé orí mi dàrú tí mo máa gba irú owó bẹ́ẹ̀?" Eunice pariwo. Ìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ló fa owó náà yọ láyà. "Mo ti ń wá ẹni tí mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ mú igba tó dáa wá."

Igba tó dáa kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Limota, owó ọ̀kadà Badmus sì ni. Ó fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó yá fóònù Eunice, ó pè.

"Ìyá! Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè yín! Ìyá ọkọ mi ti gbé omi kaná!"

"Kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ní kí mọ́tò máa bọ̀ kíá!"

Ó ní kí Eunice fi báírò kọ nọ́ńbà náà sí òun lápá, níbi tí òun ò ti lè ná an. Ọ̀kadà gbé e padà délé.

"Mámà, owó mi," ni Badmus wí.

Limota na igba náà sí i, sẹ́lótéèpù rẹ̀ ń dán.

"Èyí kẹ̀?"

"Gbà á, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà mọ ibi tí wọ́n ti ń ná an."